Wọ́n wọ ọkọ̀ òkun lọ, wọ́n wọ bàálù bọ̀

Lábẹ́ ibùsùn Dádì Sùúrùlérè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àpótí onírin dúdú kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Ìpẹtà ti jẹ igun rẹ̀ méjì, ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e ti já lápá kan, okùn ni wọ́n so dípò rẹ̀. Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, ó ti gbó bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ńláńlá tó wà lára rẹ̀ ṣì ṣeé kà: NOT WANTED ON VOYAGE. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìwé kíkà yangàn. “Wanted” yé mi dáadáa, torí mo ti rí i lára ìwé tí àwọn ọlọ́pàá ń lẹ̀ mọ́ ògiri tí wọ́n bá ń wá ọ̀daràn. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n lé Dádì kúrò níbì kan, pé ìwé tí wọ́n fi lé wọn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù wọn. Mi ò bi wọ́n. Ta ló máa bi àgbàlagbà nírú ìyẹn?

Ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Láyé ọkọ̀ òkun, oríṣi ẹrù méjì ni èrò ń gbé. Èyí tó máa nílò lójú ọ̀nà, aṣọ ìwọ̀sùn, bàtà, ọṣẹ, ìwé kíkà, wọn a lẹ WANTED mọ́ ọn, wọn a sì fi í síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Èyí tí kò ní í nílò títí yóò fi gúnlẹ̀, wọn a lẹ NOT WANTED mọ́ ọn, wọn a sọ ọ́ sí ikùn ọkọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ò ní í tó o fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó lé Dádì kúrò níbì kankan. Àmọ́ nígbà tí mo fi máa mọ èyí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Bí ti gbogbo èèyàn, Titanic ló kó bá mi. Mi ò tíì pàdé ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ òkun tí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yẹn ló gbà wọlé. Òkè yìnyín, alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1912, èèyàn tó lé ní 1,500 tó bá omi lọ, ọkọ̀ ìgbàlà 20 péré fún èèyàn tó lé ní 2,200: gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èmi, àwọn nǹkan kéékèèké tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi. Ọ̀pá èéfín mẹ́rin ni Titanic ní, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló ń tú èéfín ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ẹ̀kẹrin kò ju kí afẹ́fẹ́ máa gba inú rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e síbẹ̀ torí pé lójú èrò ìgbà yẹn, ọkọ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ bá pọ̀ ló lágbára. Ẹni tó bá ti rí ilé alájà kan tó ru òpó gàgàrà mẹ́fà síwájú ní Lẹ́kí yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Mẹ́ta ni wọ́n lọ́mọ ìyá. Olympic ni àgbà, Titanic tẹ̀ lé e, Britannic ni àbíkẹ́yìn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Violet Jessop, tó ń tọ́jú èrò, wà nínú Olympic lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ogun Hawke fi imú gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 1911. Ó wà nínú Titanic lálẹ́ tó rì. Ó tún wà nínú Britannic, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe níbẹ̀, nígbà tí bọ́ǹbù abẹ́ omi fọ́ ọkọ̀ náà nínú òkun Gíríìsì lóṣù kọkànlá 1916. Ó yè nínú gbogbo rẹ̀, ó sì di 1971 kó tó kú, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ká ní ilé wa níbí ni, wọn ì bá ti gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo tipẹ́, kì í ṣe pé orí rẹ̀ burú o, kí wọ́n lè mọ ohun tí orí náà ń jẹ ni.

Olympic ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀, torí pé kò rì. Ọdún 24 ló fi ṣiṣẹ́. Ní 1918, nígbà ogun, ó kọlu ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì kan, U-103, ó sì tẹ̀ ẹ́ rì. Lọ́dún 1935 wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n tú u, wọ́n ń ta pákó ara ògiri rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òtẹ́ẹ̀lì White Swan ní Alnwick, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó rà á. Títí dòní, èèyàn lè jókòó jẹun níbẹ̀ láàárín pákó tó ti la Àtìláńtíìkì kọjá láìmọye ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí mo ti bá èèyàn mẹ́ta jà lórí ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp. Tí ẹ bá kà pé Titanic jẹ́ 46,328 tọ́ọ̀nù, kì í ṣe bó ṣe wúwo ni wọ́n ń sọ. Àyè inú ọkọ̀ ni. Ká sọ pé ẹ ní àpótí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gbogbo ìhà: ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ni tọ́ọ̀nù kan. Wọn kò gbé ọkọ̀ kankan sórí òṣùwọ̀n. Ó ti parí.

Lẹ́yìn Titanic, eré sísá ló kàn. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ United States, tí ọ̀gbẹ́ni William Francis Gibbs yà, fi ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú 40 la Àtìláńtíìkì kọjá lóṣù keje 1952, níbi ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ pàá. Ìyẹn jẹ́ bíi kìlómítà 66 ní wákàtí kan, fún ohun tó gùn tó nǹkan bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Ìbẹ̀rù iná kò jẹ́ kí Gibbs sùn: ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò fẹ́ igi nínú ọkọ̀ náà, àfi pákó tí alápatà ilé ìdáná fi ń gé ẹran, àti dùùrù. 1969 ni wọ́n so ó mọ́lẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wà ní èbúté Philadelphia, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Lóṣù kejì 2025 wọ́n fi okùn fà á lọ sí Mobile, ní Alabama, kí wọ́n lè fọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó rì í sínú òkun Florida fún ẹja láti máa gbé. Mo jí lóru láti wo bí wọ́n ṣe ń fà á kúrò. Èèyàn lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Queen Mary ńkọ́? Òun ló wà ní Long Beach ní Kalifóníà láti 1967, ó ti di òtẹ́ẹ̀lì. Lóṣù keje 1943, nígbà ogun, ó kó èèyàn 16,683 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti New York lọ sí Bìrìtìkó. Àwọn ọmọ ogun ń sùn ní àsùngbà: ẹ̀gbẹ́ kan dìde lórí ibùsùn, ẹ̀gbẹ́ kejì dùbúlẹ̀ sí i.

Gbogbo èyí ni mo kó sórí lọ kí Dádì Sùúrùlérè lọ́dún tí mo wọ yunifásítì. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, wọ́n jókòó sí gbàgede pẹ̀lú fáànù ọwọ́ torí iná ti lọ. Mo ń kà á fún wọn bí ẹni ń ka oríkì: ti Titanic, ti Olympic, ti Queen Mary. Wọ́n gbọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní:

“Aureol ńkọ́?”

Mo ní, “Kí ni Aureol, sà?”

Wọ́n dá ọwọ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ra dúró. “Ọkọ̀ tó gbé mi ni.”

Ojú tì mí. Ilé ni àpótí náà wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo mọ orúkọ ajá tó wà nínú àwọn ọkọ̀ tí kò gbé ẹnì kankan nínú ìdílé wa rí, mi ò sì mọ èyí tó gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Mo lọ wá a. Kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń pariwo. 14,083 tọ́ọ̀nù, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta Titanic. Gígùn rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 537. Iléeṣẹ́ Alexander Stephen ní Glasgow ló kàn án fún Elder Dempster, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan, ó sì kọ́kọ́ ṣí kúrò ní Liverpool wá sí Èkó lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá 1951. Ara rẹ̀ funfun, ọ̀pá èéfín rẹ̀ kan ṣoṣo pupa rúsúrúsú. Ẹ̀rọ oní-dísẹ́ẹ̀lì méjì ló ń tì í, tí wọ́n bá sì tì í dáadáa, ó ń sá nọ́ọ̀tì 16, ìyẹn bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba ife ẹ̀yẹ kankan, kò kọlu òkè yìnyín, kò sì rí ogun. Òun àti ọkọ̀ méjì míì, Accra àti Apapa, ni wọ́n jọ ń pín ọ̀nà náà ṣe, tí ọ̀kan fi ń kúrò ní Liverpool lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì pẹ̀lú lẹ́tà, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó, àti àwọn ọmọ wa tó ti lọ kàwé bọ̀.

Ìgbà tí mo padà lọ bá Dádì, ẹnu wọn ṣí. Oṣù kẹsàn-án 1958 ni wọ́n wọ̀ ọ́ ní Àpápá, wọ́n ń lọ kọ́ iṣẹ́ wọnlẹ̀-wọnlẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni wọ́n. Gbogbo ilé ló ti Ìjẹ̀bú-Òde wá sin wọ́n, pẹ̀lú onílù. Ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, di gààrí, àádùn àti ata gígún sínú àpótí náà, wọn ò mọ̀ pé ikùn ọkọ̀ ni wọ́n máa sọ ọ́ sí, tí ọmọ wọn ò sì ní í rí gààrí kankan fi mu omi títí dé Liverpool.

“Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo sunkún. Ọjọ́ kejì, mo bì.” Bí Dádì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun àti ọmọ Ìbàdàn kan ni wọ́n jọ wà ní yàrá kan. Ọmọ Ìbàdàn náà dùbúlẹ̀ títí dé Takoradi, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Dádì rọ́ra gòkè lọ jẹun. Wọ́n bá fọ́ọ̀kì mẹ́ta níwájú àwo kan. Wọ́n ń wo ọwọ́ òyìnbó tó jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, èyí tó bá mú làwọn náà ń mú, títí òyìnbó náà fi mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, tó sì rọra ń gbé e sókè díẹ̀ kó tó lò ó kí wọ́n lè rí i. Wọn ò bára sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní nílùú òyìnbó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì kúrò nínú omi Gánà.

Ní Freetown, obìnrin Saró kan wọlé, àgbàlagbà, pẹ̀lú fìlà òyìnbó lórí. Nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó yíjú padà, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o.” Yorùbá tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni, kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó na ọwọ́ sí òkè kan tó yọ lẹ́yìn ìlú, ó ní òkè náà ló ń jẹ́ Aureol, òun ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ lórúkọ, àti pé Fourah Bay College ló wà lórí rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1827, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Ìgbà tí Dádì sọ èyí fún mi ni mo tó mọ̀ pé orúkọ ọkọ̀ náà kò jìnnà sí wa tó bí mo ṣe rò.

Ní Las Palmas, àwọn ọlọ́jà wa ọkọ̀ kékeré wá bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá, wọ́n ń fi okùn gbé ọjà sókè: bèbí, kúbùsù, súwẹ́tà. Dádì ra súwẹ́tà kan ní ẹ̀dínwó tó dùn mọ́ wọn nínú. Nígbà tí wọ́n fi dé Liverpool, ó ti tú tó kọjá ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn Las Palmas, wọ́n ní òòrùn ń dín kù lójoojúmọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí bù ú. Lọ́jọ́ kan wọ́n bọ́ ẹ̀wù tín-ín-rín, lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ ibọ̀sẹ̀ sùn. Nínú omi Biscay, àwo ń yọ̀ lọ láti orí tábìlì kan dé èkejì. Ó sì di ọjọ́ kẹtàlá, kùrukùru ṣú, ẹyẹ bàbà méjì yọ lókè ilé gogoro kan létí odò Mersey, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ wọ rélùwéè ní stéṣọ̀n Riverside tó kọjú sómi, tó gbé wọn tààrà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

“Ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn,” Dádì ní, “òun ni mo fi di ẹni tó lè sọ̀kalẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi Queen Mary sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ìtàn ọ̀nà Liverpool sí Èkó ni mo ń tú kiri báyìí, ó sì kún ju bí mo ṣe lérò lọ. Bí àpẹẹrẹ: ẹ mọ Bar Beach? “Bar” tó wà nínú orúkọ yẹn kì í ṣe ibi ọtí. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi tó dí ẹnu ọ̀sà Èkó ni. Òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé láyé àtijọ́. Wọn a dúró sójú òkun, wọn a gbé èrò sínú àpótí onígi kan tí wọ́n ń pè ní mammy chair, ẹ̀rọ a fi okùn gbé e sókè, a fì í sójú òfurufú, a sì sọ̀ ọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń jó lórí ìgbì nísàlẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyàwó gómìnà nínú àpótí yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹrù sì ń gba Forcados, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀. Ìgbà tí ìjọba fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun lápá méjèèjì ẹnu ọ̀sà ni ọ̀nà tó là. Ọ̀kan nínú wọn ni West Mole, tí àwọn tó ń lọ ṣeré ní Tarkwa Bay mọ̀ dáadáa. Ògiri kan náà ló jẹ́ kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Bar Beach. Ọkọ̀ wọlé, ilẹ̀ ń lọ.

Ti orúkọ tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni Elder Dempster sọ ní Apapa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ti àkọ́kọ́, 1914, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì í ní 1917. Ti èkejì, 1927, bàálù Jámánì sọ bọ́ǹbù lù ú lóṣù kọkànlá 1940. Wọ́n tún kan ẹ̀kẹta, ó dé ní 1948, wọ́n tún sọ ọ́ ní Apapa. Òyìnbó lè má mọ orúkọ tí ilé wa ń sọ ọmọ tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe yẹn, Kòkúmọ́ ni. Ó sì jẹ́ Kòkúmọ́ lóòótọ́, torí pé ẹ̀kẹta yìí ò kú sínú omi. Wọ́n tà á sí Hong Kong ní 1968. Abosso, ọkọ̀ Elder Dempster míì, kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kẹwàá 1942 ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, U-575, yìn ín, èèyàn 362 ló kú, 31 péré ló yè. Àwa tó lè ka orúkọ àwọn tó jókòó sí yàrá oúnjẹ Titanic lórí, mélòó nínú wa ló gbọ́ Abosso rí?

Apapa kẹta yẹn ló gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1949 ni wọ́n gúnlẹ̀ ní Liverpool, agbábọ́ọ̀lù 18, púpọ̀ nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré tí wọ́n ti inú ọkọ̀ jáde, wọ́n fi 5 sí 2 na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby. Tẹ̀sílímù “Thunder” Balógun wà láàárín wọn. Mo máa ń ronú nípa ẹsẹ̀ lásán yẹn lórí pákó ọkọ̀ tí omi òkun ń ta sí, fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí wọn ò lè gbá lágbára kó má baà bá òkun lọ.

Kí n má fi oyin bo gbogbo rẹ̀ ṣá. Kì í ṣe torí tiwa ni wọ́n ṣe kan àwọn ọkọ̀ yìí. Epo pupa, ekuro àti kòkó ló fẹsẹ̀ iléeṣẹ́ náà múlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ló ni ọ̀pọ̀ ibùsùn tó dára, àwọn ẹ̀yà Kru tí wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ ní Freetown ló sì ń ru ẹrù láti èbúté dé èbúté nínú oòrùn. Nígbà tí Dádì bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ inú Aureol, wọn kì í gbàgbé láti fi kún un pé ènìyàn dúdú ló ń jókòó ní igun yàrá oúnjẹ, láìka owó tó san sí.

Ohun tó pa ọkọ̀ náà kò sì ti òkun wá. Oṣù kẹwàá 1958, oṣù kan lẹ́yìn tí Dádì ṣí kúrò ní Àpápá, ni bàálù aláriwo, èyí tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò la Àtìláńtíìkì kọjá. Ọdún kan náà ni wọ́n dá iléeṣẹ́ bàálù Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ìjọba ló ni ìpín tó pọ̀ jù, BOAC, iléeṣẹ́ bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, ẹni tó sì ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni Elder Dempster. Ọlọ́kọ̀ òkun ló fowó ara rẹ̀ ra ọ̀kọ̀ tí wọ́n máa fi gún un. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé bóyá àwọn ló gbọ́n jù, wọ́n ti rí i pé ọjà ń tú. Nígbà tó fi máa di 1968, Accra àti Apapa ti lọ, ó ku Aureol nìkan. Wọ́n kó o kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton ní 1972, wọ́n sì dá a dúró pátápátá lóṣù kẹwàá 1974. Wọ́n tà á, ó di Marianna VI, ó di ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn ní èbúté Jeddah. Lẹ́yìn náà wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ní Eleusis nílẹ̀ Gíríìsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2001, wọ́n wà á gun etíkun Alang ní Íńdíà, níbi tí àwọn èèyàn ti fi iná gé e sí wẹ́wẹ́. Àádọ́ta ọdún gééré.

Èmi ni mo lọ sọ fún Dádì. Mo fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, wọ́n ti kọ orúkọ míì sí i nímú. Mo rò pé wọ́n máa banú jẹ́. Wọ́n gbé jígí wọn wọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Ó rù.” Ẹ̀rín sì pa wọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni wọ́n sọ bí wọ́n ṣe padà dé fún mi.

1964 ni wọ́n parí ẹ̀kọ́. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn, BOAC ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàálù tuntun kan jáde, VC10, ọ̀nà tó sì kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ ni Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ fẹ́ kí wọ́n tètè dé, ó sì san owó bàálù. Dádì kó ẹrù tó wúwo sínú àpótí, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa gbé e bọ̀, wọ́n wá fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san owó lé lórí, torí náà wọn ò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò: wọ́n ní àwọn ń dé Èkó ní Sátidé. Wọn ò sọ ohun tó ń gbé wọn bọ̀.

Nílé, kí ló tún máa gbé ẹni tó ti ìlú òyìnbó bọ̀? Àpápá ni Màámi kó gbogbo ẹbí lọ. Onílù mẹ́ta, aṣọ ẹbí, kúlà oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan sì gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Èrò ń sọ̀ kalẹ̀, onílù ń lù, Màámi ń wo ojú gbogbo ọmọkùnrin tó bá wọ kóòtù. Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Dádì ti wà ní Ìkẹjà tipẹ́, wọ́n jókòó lórí báàgì wọn, wọ́n ń wo ọ̀nà, wọ́n ní ara àwọn ò tíì mọ̀ pé àwọn ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá kí wọn ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ takisí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí, ilẹ̀ ti ṣú. Màámi wọlé lẹ́yìn wọn pẹ̀lú onílù tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, wọ́n wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Níbo lo gbà wọlé?”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ìwé dé pé ẹrù kan wà ní Àpápá tí Aureol gbé dé. Dádì ní àwọn máa lọ gbé e lẹ́yìn iṣẹ́. Màámi ní rárá. Wọ́n ránṣẹ́ pe onílù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n wọ aṣọ ẹbí yẹn kan náà, wọ́n lọ dúró sí wọ́ọ̀fù. Nígbà tí aláàárù gbé àpótí dúdú náà jáde, tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú wọn, Màámi ní kí wọ́n máa lù.